Àtẹ̀gùn Mẹ́tàlélọ́gọ́jọ

Ọwọ́ lọmọ aráyé fi ń jẹun.
Ẹsẹ̀ lèmi fi ń jẹ, èmi Eleuterio, aláàárù gáàsì
lórí òkè tó kọjú sí èbúté Valparaíso,
níbi tí ilé ti fẹ̀yìn ti ilé kó má baà yọ̀ bọ́ sínú òkun,
tí mọ́tò kò lè dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni.

Oṣù Agẹmọ ni mo ṣubú, nínú òtútù.
Kùrùkùrù ti fi ahọ́n lá àtẹ̀gùn láàárọ̀,
sílíńdà wà léjìká mi ọ̀tún,
mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tọ́mọdé ṣẹ́ igi ìdáná.
Sílíńdà ń yí lọ, ó ń ké,
ajá mẹ́rin sá tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó wo ẹsẹ̀ mi ni mo rẹ́rìn-ín o.
Àtẹ́lẹsẹ̀ ń wo ibi tí kò yẹ kó wò.

Kókósẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kókó ni,
tí ẹsẹ̀ fi so ara rẹ̀ mọ́ ojúgun.
Ọjọ́ tó tú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń dì mú.

Irin pẹlẹbẹ kan, ìṣó oníyìípo mẹ́fà.
Oṣù méje.
Ìyàwó mi ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìtura,
èmi jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mò ń gbọ́ Nolberto,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n gbé iṣẹ́ mi fún,
tó ń fi irin gbá sílíńdà káyé lè mọ̀ pé gáàsì dé.
Kò mọ̀ ọ́n gbá. Ó ń yára jù.
Mo máa ń fi ṣíbí gbá ife tíì mi bó ṣe yẹ,
bí ẹni pé ó lè gbọ́.

Dókítà ní kí n wá iṣẹ́ ìjókòó.
Mo bi í pé àga wo ló ń san owó ilé.
Ó wo àwòrán egungun mi pẹ́,
ó ní egungun ti jinná, ẹ̀rù ló kù.
Ẹrù ni mo mọ̀ ọ́n rù.
Ẹ̀rù, mi ò rù ú rí.

Lónìí mo padà. Oòrùn Èrèlé ń jó mi lọ́rùn.
Mò ń gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ka owó tó mọ̀ pé kò ní pé.
Nígbà tí mo ka méjìlélógójì, ibẹ̀ nìyẹn.
Kò sí àpá kankan lára òkúta.
Ológbò kan sùn síbẹ̀. Mo yà fún un.

Lókè pátápátá, Doña Hortensia ṣílẹ̀kùn.
Ọdún méjìlá, onílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń rà.
"Eleuterio! Ọjọ́ mẹ́ta! Kú ewu."
Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó wo sílíńdà.
"Jọ̀ọ́, gbé e padà.
Onílò márùn-ún ni kó o máa gbé wá báyìí."

Inú bí mi. Àánú wúwo ju irin lọ.
"Màmá, ẹsẹ̀ mi ti san."
"Mo rí i," ló wí,
ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè rí inú ilé:
àga kan ṣoṣo nídìí tábìlì,
ìkòkò tí kò ju ìkúùkù lọ lórí sítóòfù,
fìlà Don Anselmo lára ògiri.
"Oṣù Ọ̀wàrà ni. Ọbẹ̀ ẹnì kan kì í jẹ gáàsì."

Oṣù méje tí mo fi ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ara mi!
Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀, òun náà jókòó,
a ń wo ọkọ̀ òkun tó ń kó àpótí wọlé,
a ò sọ̀rọ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń dunni jù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.
Ológbò ò tíì jí.
Nísàlẹ̀, mo gbé kékeré, mo mú irin,
mo gbá a: ẹ̀ẹ̀kan. Mo dúró díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan sí i.
Nolberto gbórí sókè lẹ́yìn mọ́tò.